Òkèlè Kìíní Olóyè Ògúnsúyì

Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó lè fi wákàtí kan àtààbọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi o, torí tiwa tó wà ní Ìkàrẹ́ ti tó wa. Olóyè Ládélé Ògúnsúyì ni. Alága Ìgbìmọ̀ Àbójútó Oògùn Àgbègbè ni wọ́n fi í ṣe, ìgbìmọ̀ tí kò ní ju yàrá méjì, tábìlì mẹ́rin àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan lọ. Ṣùgbọ́n bí Olóyè bá ń bọ̀ nínú ọgbà, tí agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀ fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó rò pé òun ló bí ibà, òun náà ló sì bí oògùn rẹ̀.

Ohun tó wu Olóyè jù láyé ni kó ṣáà máa ṣí nǹkan. Ohun tuntun kankan kò gbọdọ̀ wọ ọwọ́ aláìsàn bí òun kò bá tíì ṣí i. Ó ti ṣí bẹ́ǹṣì. Ó ti ṣí korobá mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilé ìlera kan, odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù de ìlẹ̀kùn náà pa, tí àwọn aláboyún ń sáré wọ inú igbó, títí Olóyè fi ráyè wá gé e. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà gùn débi pé àwọn tí ìlẹ̀kùn náà wà fún gan-an kò lè dúró gbọ́ ọ parí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí Olóyè, akọ̀wé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, Pius ọmọ Sosan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti ní ọmọ mẹ́rin, tí iṣẹ́ sì ti sọ di alásọtúnsọ. Pius á dìde, á gbọn ẹ̀wù rẹ̀, á wá ké tantan pé, “Ìmọ́lẹ̀ Àkókó! Òpómúléró Ìlera! Ọba lórí ibà! Ọ̀gá ikọ́! Bàbá Abẹ́rẹ́!” Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlejò á dáhùn pé, “Ẹ ó pẹ́ fún wa.” Mẹ́rìndínlógún ni oyè náà, ẹni tó bá sì fo ìdáhùn kan, òkè pátápátá ni wọ́n ti máa tún un bẹ̀rẹ̀. Àkekèé ta ọkùnrin kan wá láti Òkè-Àgbè, orí oyè kẹtàlá ló wà tí ìrora náà fi lọ fúnra rẹ̀. Olóyè ní òun ló wò ó sàn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Irú ibi báyìí ni Limota Sàláwù, aránṣọ ní Ọ̀kà, gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ dé.

Àsàmáù ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun nìkan ni Limota bí. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì ṣe olóríkunkun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán an pé kó lọ ra òwú ìránṣọ, á kí gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà, á bá wọn lé ewúrẹ́ tó wọ oko, á sì gbé iyọ̀ wálé. Ní kíláàsì, bí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ ọjà, ọkàn rẹ̀ ti dé odò, ó ti dé òkè, ó ti ń padà bọ̀. Wọ́n nà án. Wọ́n ṣe àdúrà fún un, wọ́n fún un ní omi wàláà mu. Wọ́n tún nà án. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìlera Ọ̀kà, Àyọ̀ká Fákúnlé, ló ní ó tó gẹ́ẹ́, tó kọ ìwé fún wọn lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Dókítà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí, ó ní kò ya wèrè, kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí ni kò jẹ́ kó lè fọkàn sí ohun kan pẹ́. Ó wá kọ oògùn kan fún un, hóró kan ṣoṣo láàárọ̀, tí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn. Orí ń fọ́ Àsàmáù, oorun ò kùn ún bọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ fojú kan oúnjẹ ọ̀sán. Limota sunkún lọ bá Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n rẹ̀: kí ọmọ jẹun yó kó tó lo oògùn, kó lò ó ní kùtùkùtù, bí oògùn bá sì ti ń lọ kúrò lára ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbé abọ́ síwájú rẹ̀. Orí fífọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan, Àsàmáù jókòó, ó rán odidi ẹ̀wù kan láìdìde, Limota sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ òfuurufú.

Wàhálà ibẹ̀ ni rírà. Kò sí oògùn náà ní Ọ̀kà, kò sí i ní Ìkàrẹ́. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní kó lọ Àkúrẹ́. Ní Àkúrẹ́, wọ́n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ìbàdàn ni dírẹ́bà kan ti ń bá a gbé e wá. Lẹ́yìn tí ìjọba wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ìgò kan gun òkè, kò sì bojú wẹ̀yìn. Limota ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kejì, ó fi ra èyí tí wọ́n lò fún oṣù méjì. Nígbà tí ìyẹn tán, ẹ̀rọ tó fi ń wá oúnjẹ nìkan ló kù, ṣé ìyẹn náà ni yóò tún tà ni? Fún oṣù mẹ́ta Àsàmáù kò rí oògùn lò, ìwé sì di ọ̀tá rẹ̀ padà. Ìdánwò àṣejáde ìwé mẹ́wàá sì ń bọ̀.

Ọlọ́run bá gbọ́. Àwọn ọmọ Àkókó kan tó wà lókè òkun fi ìgò méjìlá ránṣẹ́, hóró ọgbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká ló kọ orúkọ àwọn ọmọ tí dókítà kọ oògùn náà fún sí wọn, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà lára ìgò tirẹ̀. Ẹrù náà dé Ìkàrẹ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n pín in lọ́jọ́ kejì.

Olóyè Ògúnsúyì wò ó bí ẹni tó búra èké. “Ká pín in? Láìṣí i?”

Ó kó ìgò méjèèjìlá sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Limota gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà, ó gba Àkùngbá kọjá, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó dá Pius lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ó kúnlẹ̀.

“Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ìgò kan tó ní orúkọ Àsàmáù lára ni mo wá gbà. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó báyìí, kí orí fífọ́ tó máa ń kọ́kọ́ mú wá lè ti lọ kí ìdánwò tó dé.”

Olóyè fẹ̀yìn ti àga, ó pa ojú méjèèjì dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí ó bá ti pa ojú dé báyìí, kí ẹ wá ibì kan fara tì.

“Obìnrin yìí,” ni ó wí, “oògùn kì í ṣe gàrí tí à ń bù fún ènìyàn ní ìkóríta. Oògùn ní iyì! Oògùn ní ọlá! Oògùn tó la òkun kọjá, tó fò lókè àwọsánmà, tó borí àwọn aṣọ́bodè, tó gba gbogbo kòtò ojú ọ̀nà Benin kọjá láìfọ́, ṣé inú ọ̀rá dúdú ìwọ aránṣọ ló yẹ kí ìrìn-àjò rẹ̀ parí sí? Pùrótókọ́ọ̀lù ńkọ́?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pùrótókọ́ọ̀lù yìí jẹ́ fún yín, torí gbogbo ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ló dá lé. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, Olóyè fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, àwòrán rẹ̀ ló wà níwájú, òun náà ló tún wà lẹ́yìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé níbi ayẹyẹ èyíkéyìí, Alága ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà Alága á jẹ òkèlè kìíní, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ṣáájú rẹ̀, bó ṣe ọba ni. A kò sì gbọdọ̀ pín ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni àfi bí wọ́n bá jẹun tán, nítorí Olóyè ti ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ti fún ará Àkókó ní nǹkan, ilé ló ń lọ.

“Ọjọ́ wo la máa ṣí i, Olóyè?”

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò náà. Ṣé o rí i pé mo rò ó re?”

Limota padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ yẹn, ikọ́ há a lọ́fun lórí oyè kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Ìmọ́lẹ̀ Àkókó, kí wọ́n tó tún dé ibẹ̀ Olóyè ti gba ẹ̀yìn jáde lọ ṣí àgbá omi kan. Ó délé, ó bá Àsàmáù níwájú ìwé tó ti ṣí láti àárọ̀, ojú ewé kan náà ni.

“Màámi,” ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “mò ń kà á. Kò ṣáà wọlé.”

Ọkàn Limota bàjẹ́, inú sì ń bí i débi pé ó gbàgbé láti nu eruku ọ̀nà kúrò lójú.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Pius fi fóònù pè é ní aago méje. Etí agbádá Olóyè ti já níbi tó ti ń gbálẹ̀. “Ẹ tètè máa bọ̀, Ìyá Àsàmáù. Bí inú wọn bá dùn sí iṣẹ́ yín, bóyá wọ́n á fún yín ní ìgò yẹn kí èrò tó dé.”

Báyìí ni Limota ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí Olóyè dúró gbagidi lórí rẹ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ojú ewé mọ́kànlélógójì ni ọ̀rọ̀ náà. Ó ka ojú ewé kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ó fo ìkẹrin, ó padà sórí èkejì, ó pòṣé.

“Obìnrin, oògùn yìí, kí ló tilẹ̀ ń ṣe gan-an?”

Àṣé láti ọjọ́ yìí, kò tíì bi ẹnikẹ́ni!

“Ó máa ń jẹ́ kí ọkàn dúró sójú kan, Olóyè.”

Olóyè wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ láti ọrùn, ó ṣí i, ó sì mú ìgò tó wà níwájú pátápátá. Limota rí orúkọ tó wà lára rẹ̀ kedere: Àsàmáù Sàláwù.

“Olóyè! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dákun. Ẹni tí dókítà bá wò ló wà fún. Ó ń lé oúnjẹ kúrò lọ́kàn ènìyàn, ó sì ń jẹ́ kí àyà máa sáré.”

“Èmi? Ikùn tó ti jẹun ní ààfin mẹ́tàlá? Àyà tí àwọn àgbà gbé oyè mẹ́rìndínlógún lé, tí kò mì?” Ó sọ hóró kan sẹ́nu, ó fi Fáńtà lé e. Ó dúró. Ó wo aago. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jágbe. “Ayédèrú ni! Mi ò rí nǹkan kan!”

“Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yọ́, Olóyè.”

“Èmi kì í ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀.” Ó ju ìkejì sí i. Kí Limota tó dìde, ìkẹta ti wọlé.

Subuhánà! Ìwé mẹ́ta nínú ìdánwò ọmọ rẹ̀ ni ọkùnrin yìí gbé mì níṣojú rẹ̀, pẹ̀lú Fáńtà. Abẹ́rẹ́ gún Limota lọ́mọ ìka. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun gba èyí tó kù máa lọ. Olóyè ní kó lọ jókòó ní gbọ̀ngàn bí àwọn yòókù, torí ìran tí ayé kò rí rí ni yóò ṣẹlẹ̀ lónìí. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ìyẹn, òótọ́ ló sọ.

Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n to tábìlì oúnjẹ sí, iyán tí àwọn obìnrin gún láti ìdájí, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́ tí òórùn rẹ̀ ń rìn káàkiri bí akọ̀wé owó orí. Àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Ìyáàfin Ojúọlá, ti Àkúrẹ́ wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ló sì jẹ láti aago mẹ́fà. Alhaji Suleiman Abọ́dẹrìn, àgbà Ọ̀kà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, jókòó níwájú pẹ̀lú tẹ̀súbáà. Limota àti àwọn òbí mọ́kànlá yòókù wà lẹ́yìn. Wọ́n to ìgò méjìlá sórí tábìlì gíga, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù yí wọn po.

Aago mọ́kànlá ni Olóyè dìde.

“Ẹ̀yin ọba! Ẹ̀yin ìjòyè! Ẹ̀yin ọmọ ọba! Ẹ̀yin ọmọ ìjòyè! Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni tó lórúkọ, mo kí ẹ̀yin náà!”

Oògùn sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fún oògùn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ọkàn Olóyè dúró sójú kan lóòótọ́. Orí ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ló dúró sí. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé irin tó di ìlẹ̀kùn mọ́ férémù rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ìwà rẹ̀. Ó sọ èyí tó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ àti èyí tó ṣe agídí. Òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀, kò mọ̀. Ó ti mu omi ife mẹ́fà.

Nígbà tó di aago kan ààbọ̀, Pius yọ́ sún mọ́ ọn, ó gbé abọ́ iyán síwájú rẹ̀. “Olóyè, òkèlè kìíní.”

Olóyè wo iyán náà. Funfun tó funfun, dídán tó ń dán, kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí pa. “Gbé e sẹ́yìn,” ni ó wí. “Mi ò tíì dé orí ẹ̀kẹfà nínú àwọn ìṣó.”

Aago méjì lu. Ooru iyán ń lọ. Ẹni tó bá mọ àwa ará Àkókó mọ̀ pé a lè dárí ji ẹni tó jí wa ní ewúrẹ́, a sì lè dìbò fún un lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kí iyán tutù mọ́ wa lójú, ẹjọ́ rẹ̀ di ọ̀run. Ìkùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó rọra ń bọ̀ níwájú.

“Alága,” Alhaji Suleiman pariwo, “nítorí Ọlọ́run, ẹ fi ìka kan iyán yìí lásán! Kí ẹ tilẹ̀ gbóòórùn ẹ̀!”

“Pùrótókọ́ọ̀lù ní jíjẹ!” ni Olóyè dáhùn. “Ó yá, ojú ewé kẹtàlélọ́gbọ̀n ọ̀rọ̀ mi!”

Nínú ojú ewé mọ́kànlélógójì ọ̀rọ̀ náà, kẹtàlélọ́gbọ̀n yìí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká ló kọ ọ́, ó ní kí wọ́n fi í sínú ọ̀rọ̀ náà láti kìlọ̀ fún àwọn òbí. Olóyè kò kà á rí. Ó gbé e sókè, ó sì fi ohùn ńlá kà á.

“‘Oògùn yìí lè mú kí ẹnu gbẹ!’” Ó dúró, ó mu omi ife kẹsàn-án. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

“‘Ó lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n!’” Ìwé náà ń ró pẹpẹpẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Méjì,” ni Alhaji Suleiman wí, ó fa tẹ̀súbáà.

“‘Ó lè mú kí ènìyàn máa làágùn, kí àyà rẹ̀ sì máa sáré!’” Olóyè fi agbádá nu ojú.

“Mẹ́ta. Mẹ́rin.”

“‘Ó lè mú kí oúnjẹ má wu ènìyàn jẹ!’” Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú pọ̀, wọ́n wo abọ́ iyán, wọ́n wo Olóyè.

“Márùn-ún! Ẹ máa bá a lọ, Alága, ó kù díẹ̀!”

“‘Ẹni tí kò yẹ kó lò ó tó bá lò ó lè máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá gbé oògùn ọmọ ọlọ́mọ mì...’” Ibẹ̀ ni ohùn Olóyè ti dá.

Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn obìnrin tó gún iyán di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Ojúọlá kò rẹ́rìn-ín. “Olóyè, ṣé ẹ lo oògùn yìí ni?”

“Irọ́ ni! Àwọn ọ̀tá Àkókó!”

Limota dìde. Kò pe oyè kankan, kò dúró de Pius. “Ìyáàfin, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà láàárọ̀ yìí tí mò ń rán etí agbádá wọn. Wọ́n gbé hóró mẹ́ta mì nínú ìgò ọmọ mi. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ẹ kà á.”

Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká tú ìgò náà sórí àwo, ó kà á sókè. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Pius tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wolẹ̀, ó ní, “Òótọ́ ni, ojú mi ló ṣe.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí Pius máa sọ ní gbọ̀ngàn yẹn tí kò ní oyè kankan nínú.

“Mo ń tọ́ ọ wò fún ará ìlú ni!” Olóyè lọgun.

Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago. Ojú rẹ̀ le. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, àyà yín ń sáré jù. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí.”

“Kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan! Kò sẹ́ni tó ń gba ohunkóhun! Mi ò tíì jẹ òkèlè kìíní! Òfin ni!” Ó fa abọ́ iyán mọ́ra, ó bu òkèlè ńlá kan, ó kì í bọ ọbẹ̀, ó sì sọ ọ́ sẹ́nu. Òkèlè náà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó kọjá sí tòsì. Ó padà. Olóyè ranjú, ọrùn rẹ̀ nà, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta.

“Kò lọ!” Alhaji Suleiman kéde fún àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọn kò ríran.

Olóyè tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ó ní kí gbogbo ènìyàn padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Limota wo ìgò méjìlá tó wà nínú ríbọ́ọ̀nù. Ó wo àwọn èèyàn ńlá tó jókòó, tí ebi ń pa, tí ìwé pẹlẹbẹ kan dè mọ́ àga. Ó rìn la àárín gbọ̀ngàn kọjá. Ó dé tábìlì gíga, ó bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Bísímílà.” Ó bu iyán Alága, ó fi kan ẹ̀gúsí, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu kí gbogbo ayé rí i pé ó ti lọ.

“Mo ti jẹ òkèlè kìíní,” ni ó wí. “Ẹ máa jẹun. Èmi fẹ́ gba oògùn ọmọ mi.”

Lẹ́yìn náà Ìyáàfin Ojúọlá dìde, ó fọ ọwọ́, ó sì bu tirẹ̀. Háà, ẹ wá wo àríyá! Àwọn àga ń wó. Ọba kò dúró de ìjòyè, ìjòyè kò dúró de ọba. Alhaji Suleiman ti wà nídìí ẹran kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ó dìde. Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká já ríbọ́ọ̀nù pẹ̀lú eyín, ó ń pe orúkọ ọmọ, ó ń gbé ìgò lé ọwọ́ òbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Wọ́n gbé Olóyè lọ sí ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ balẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó bá a nínú wọ́ọ̀dù ló ti mọ ìwà ìṣó mẹ́rìndínlógún. Lẹ́tà dé láti Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ìlà mẹ́ta ni. “Ọ̀gbẹ́ni L. Ògúnsúyì” ni wọ́n kọ sí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Pius ló kà á sókè, kò sì pẹ́ tó oyè kan. Wọ́n ní ilé ló wà báyìí, pé ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣí ìkòkò ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìdérí.

Ẹ má sì bi mí pé bí hóró mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bá tán ńkọ́. Ìyáàfin Ojúọlá ní òun á rí sí i pé kí oògùn náà máa dé Ìkàrẹ́ lóṣooṣù, ní iye tí aránṣọ lè san. Nọ́ọ̀sì Àyọ̀ká ń fi fóònù rán an létí láràárọ̀, àwa náà sì ń wojú ìjọba.

Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà yẹn tó dé, ọjọ́ Ajé ti dé. Àsàmáù jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní kùtùkùtù, ó lo hóró kan, ó lọ. Limota jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò lè rán nǹkan kan, ó ṣẹ́ abẹ́rẹ́ méjì. Aago mẹ́rin kọjá kí ọmọ náà tó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó sì fajú ro.

“Báwo ni, ọmọ mi?”

“Orí ń fọ́ mi díẹ̀. Oúnjẹ ò tíì wù mí.”

“Ìdánwò ni mò ń bi ọ́.”

“Màámi, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn le, ẹ jọ̀ọ́!” Àsàmáù ju báàgì sílẹ̀. “Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn rẹ̀ ò bára mu. Ìwà ìkà ni.”

Limota gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè tó gbẹ̀yìn fún un rí, torí kò dé ibẹ̀ rí.

“Èwo lo ní ó le?”

“Èyí tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìwé pátápátá.” Ó wo ìyá rẹ̀, ẹnu yà á. “Màámi, kí ló ń pa yín lẹ́kún? Mo ní ó le ni, mi ò ní mo fìdí rẹmi.”

“Mo gbọ́,” ni Limota wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà. “Jókòó. Sọ bó ṣe le tó fún mi.”